Ọrùn Tó Yí sí Òsì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Guk Byeong-ok (1941–2019)

A bí bàbá wa, Olóògbé Guk Byeong-ok, ní ìgbà ìrúwé ọdún 1941, ní abúlé Sutgol ní ilẹ̀ Damyang, nínú ilé tó fẹ̀yìn ti igbó ọparun, tí ìyá wa ṣì ń gbé títí di òní. Guk Pan-jung tó ń hun apẹ̀rẹ̀ àti asẹ́ ni bàbá wọn. Cheon Eop-rye, ọmọ apẹja létí odò Yeongsan, ni ìyá wọn. Bàbá tó bí bàbá wọn hun apẹ̀rẹ̀, ẹni tó bí onítọ̀hún náà hun ún. Ní Sutgol, ọmọdé á ti mọ bí wọ́n ṣe ń la ọparun kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi igi méjì mú oúnjẹ. Bàbá ni àkọ́bí. Àbúrò kan ṣoṣo ló tẹ̀lé wọn, Guk Byeong-tae, tí ẹ̀yin àlejò ti rí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń kí yín káàbọ̀ láti àárọ̀ àná.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á yanjú ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí yàrá tí wọ́n ti wẹ òkú lánàá gbọ́ àríyànjiyàn. Ẹ gbọ́ tí ẹnì kan ní kí wọ́n tẹ ọrùn Bàbá kó tọ́, ẹ sì gbọ́ tí ẹlòmíràn ń sunkún. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti ń lọ nídìí ọbẹ̀. Ìjà ogún kọ́ o. Ohun tó wà ńlẹ̀ ni bóyá kí Bàbá wọlẹ̀ ní títọ́ bí òkú gbogbo, àbí kí wọ́n wọlẹ̀ bí wọ́n ṣe wà láyé. Ó ti rẹ̀ wá, a kò sì lè máa ṣàlàyé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹbí wá ní kí Mi-ryeong, àkọ́bí wọn obìnrin, kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé òun ni ẹnu rẹ̀ mú jù.

Ọdún 1948 ni Bàbá wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ogun dé ní ọdún 1950, àwọn sójà gba ilé ìwé, wọ́n sì fi bẹ́ǹṣì dáná yá. Nígbà tí Bàbá fi máa jáde ìwé mẹ́fà, irùngbọ̀n ti ń yọ lẹ́nu wọn. Ìwé kò lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n padà sílé, wọ́n jókòó ti bàbá wọn, wọ́n ń la ọparun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ọdún 1957, ọkùnrin kan gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn wọ Sutgol, ó ń bi gbogbo onígbó bóyá wọ́n ní ọparun aláìsàn. Ok Chi-seon lorúkọ wọn. Ọparun gidi, apá kan ṣoṣo ni ìlà jínjìn máa ń wà lára rẹ̀ láti oríkèé dé oríkèé. Èyí tó bá ní i lápá méjì, inú rẹ̀ á kún, kò ní ṣe é là, apẹ̀rẹ̀ kò sì ní ṣe é fi hun. Gígé ni àwọn bàbá wa máa ń gé e sọnù kó má baà kó àìsàn ran igbó. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni wọ́n fi ń ṣe daegeum, fèrè gígùn tí wọ́n ń dá ní ìbú lé èjìká òsì. Bàbá bàbá wa rẹ́rìn-ín títí ìkòkò tábà fi bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní kí àlejò máa gbé e lọ, kó tilẹ̀ bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Wọ́n wá rán ọmọ wọn pé kó bá a ru ú dé orí òkè.

Orí òkè ni wọ́n rán Bàbá dé. Ilé Ọ̀gá Ok ni wọ́n bá a dé. Wọ́n gbọ́ ohun tí ọparun aláìsàn ń sọ níbẹ̀, láti ọjọ́ náà lọ apẹ̀rẹ̀ kò dùn mọ́ wọn nínú mọ́. Ìran olórin ni ìran Ok, nígbà yẹn sì rèé, ẹni tí kò ní ju ebè àlùbọ́sà kan lọ ṣì ń fojú kéré olórin. Nílé, wọ́n ní a kò bí olórin sí ìdílé Guk. Bàbá ò jiyàn. Wọ́n á hun apẹ̀rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n hun, wọ́n á sì gba orí òkè lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń béèrè bí èèyàn ṣe ń di ọ̀jáfáfá nídìí fèrè, bó ṣe rí nìyí, kò sì dùn ún gbọ́. Gbogbo òtútù àkọ́kọ́ yẹn, Bàbá ò fọn nǹkan kan. Ọ̀gá Ok gbé fèrè lé wọn ní èjìká òsì, wọ́n yí orí wọn sí òsì, wọ́n na ọwọ́ wọn méjèèjì sórí ihò, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e bẹ́ẹ̀. Apá ń ro wọ́n, ọrùn ń ta wọ́n, ọ̀gá wọn ń jẹ ọ̀dùnkún sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Nígbà tí Bàbá béèrè ìgbà tí àwọn máa fi ẹnu kàn án, èsì tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n ń sọ fún wa títí wọ́n fi kú.

“Byeong-ok, ẹnu kọ́ ló ń fọn nǹkan yìí o. Ọrùn ni. Ẹnu kàn ń bá a gbé ẹrù ni.”

Nígbà tí yìnyín yọ́, wọ́n fi ẹnu kàn án. Atẹ́gùn lásán ló jáde. Ojú á ṣú wọn, wọ́n á lọ jókòó ti ilé adìyẹ kó tó là. Ohùn kan ṣoṣo yọ nígbà tí ìrẹsì ti ń pọ́n lóko, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n tún wá a tì. Ìka wọn kúrú, ihò fèrè sì jìnnà síra. Wọ́n ń fi èèkàn ọparun kéékèèké há àárín ìka bí wọ́n bá fẹ́ sùn kó lè là. Nígbà tí ohùn kan náà wá dúró, òun nìkan ni wọ́n ń fọn láràárọ̀, kó gùn tó èémí kan, kó sì máa gbọ̀n. Ètè ò gbọdọ̀ gbọ̀n ọ́n. Ọrùn ni kó gbọ̀n ọ́n. Ọdún kẹta ni wọ́n tó kọ́ orin àkọ́kọ́. Ọ̀gá Ok gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ó ti ń dún, àmọ́ kò tíì sọ̀rọ̀.

Ihò kan tún wà lára fèrè yìí tí wọn kì í fi ìka dí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú esùsú ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Òun ló ń jẹ́ kí ohùn máa gbọ̀n bí ẹni tí ẹkún ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ìwọ̀nba ọjọ́ tó yí ọdún Dano ká, nínú oṣù karùn-ún ti òṣùpá, ni esùsú ṣe é gé. Bí ẹ bá yá jù, awọ á já. Bí ẹ bá pẹ́ jù, á gan. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa bá ń fì lórí okùn jangilọ́fà lọ́jọ́ Dano, inú ẹrẹ̀ ni àwa ọmọ Guk máa ń wà pẹ̀lú dòjé. Orí ìkòkò ìrẹsì ni wọ́n ti ń fi ooru sè é. Ìrẹsì ọjọ́ Dano nílé wa, irà ló máa ń rùn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ọdún 1966 ni Bàbá fẹ́ ìyá wa, Ra Bun-im, láti Gokseong. Ahunpẹ̀rẹ̀ ni alárinà pe Bàbá. Kò parọ́; ó kàn gbàgbé ìdajì òtítọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyàwó tuntun ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ń jókòó sápá ọ̀tún ọkọ, ọkọ ò sì wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ìyá wa gbà pé wọ́n ti fún àwọn lọ́kọ tí kò fẹ́ àwọn. Wọ́n ń sunkún lẹ́yìn àwọn ìkòkò ata nígbà tí ìyá ọkọ wọn bá wọn níbẹ̀.

“Ìyàwó, nu ojú ẹ. Kì í ṣe pé kò fẹ́ ọ. Apá òsì ni kó o lọ jókòó sí. Ọrùn ẹ̀ kì í dé ọ̀tún mọ́, fèrè ti gbà á.”

Ìyá wa lọ jókòó sí òsì. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Láti ìgbà náà, nídìí oúnjẹ, nínú bọ́ọ̀sì, lórí ibùsùn, òsì ni àyè wọn. Gbogbo fọ́tò ilé wa ló rí bẹ́ẹ̀: àwa yòókù ń wo kámẹ́rà, Bàbá ń wo Ìyá. Àwọn àlejò a máa sọ pé ìfẹ́ ni. A kì í já wọn níyàn.

Ní ọdún 1968, Ọ̀gá Ok ní àkókò tó kí Bàbá gun òkè lọ fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́, bí àwọn olórin wa ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n dá wà níbi tí kò sẹ́ni tí wọ́n máa dí lọ́wọ́, kí wọ́n máa fọn títí ohùn á fi yanjú ara rẹ̀. Tẹ́ńpìlì kékeré kan wà lókè níbẹ̀, àwọn mọ́ńkì rẹ̀ sì gbà. Oyún Mi-ryeong wà nínú Ìyá. Bàbá ṣèlérí pé àwọn á ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó di pé wọ́n bí i. Ọmọ ò dúró de ìlérí. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá bímọ nílé, okùn koríko tí wọ́n lọ́ sí òsì ni wọ́n máa ń ta sẹ́nu ọ̀nà, bó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á fi èédú àti ewé páìnì há a. Nígbà tí Bàbá dé tàwọn ti irùngbọ̀n, okùn wà lẹ́nu ọ̀nà, ewé páìnì ara rẹ̀ ti pupa. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé àwọn ti bí obìnrin nìyẹn, àti pé ó ti pẹ́.

Ìyá wa gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Wọ́n ò ṣílẹ̀kùn. “Ta nìyẹn? Ẹni tó ń gbé ilé yìí ti lọ sórí òkè o.”

Bàbá gbé fèrè kọ́ ẹ̀ka igi ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé agbè, wọ́n lọ pọnmi. Nígbà tí wọ́n wá lọ fọn fún Ọ̀gá Ok, ọ̀gá pa ojú dé títí orin fi tán. Wọ́n ní ohùn ti kúrò níka, ó ti dé èjìká, ó ku ọrùn. Bàbá rìn padà sílé. Wọ́n bẹ Ìyá pé kí wọ́n fún àwọn láyè títí ọ̀gá á fi sọ pé ó ti dé ọrùn, tàbí títí ọ̀gá á fi kú, èyí tó bá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Àwọn á gbé fèrè kọ́ ògiri lẹ́yìn náà.

Ọdún 1974 ni Ọ̀gá Ok kú. Wọn kò sọ pé ó ti dé ọrùn. Lẹ́yìn ìsìnkú, ilẹ̀ mọ́, Ìyá gbọ́ ohùn kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ yẹn látinú igbó ọparun. Nígbà oúnjẹ, wọ́n gbé àwo wọn, wọ́n kúrò ní òsì, wọ́n lọ jókòó sí ọ̀tún. Gbogbo òtútù ọdún yẹn, Bàbá ń jẹun, wọ́n ń wo ògiri. Àwa ọmọ jókòó sáàárín, à ń gba ìyọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún fún ọwọ́ òsì. Kò sẹ́ni tó dá sí i, torí pé kò sí ìjà tí èèyàn lè là. Àárọ̀ ọjọ́ kan wá, òtútù ti ń lọ, Bàbá gbé àwo àti ṣíbí wọn, wọ́n dìde, wọ́n yí tábìlì ká, wọ́n lọ jókòó síbi tí Ìyá fi máa bọ́ sí òsì wọn. Ìyá ní ọbẹ̀ ti tutù. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe parí nìyẹn, fèrè ò sì kan ògiri.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Bàbá ya ọ̀lẹ. Nígbà tí ike dé tí kò sẹ́ni tó ra apẹ̀rẹ̀ mọ́, ilé ìlọ-ìrẹsì àgbègbè wa ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1999, wọ́n á sì máa wálé ní funfun bí ẹni tí yìnyín bọ́ lù. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, fèrè. Bí iṣẹ́ bá parí, fèrè. Wọ́n fọn níbi ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún àwọn àgbà Sutgol, wọ́n fọn níbi òkú wọn. Wọn ò gba oyè kankan. Wọ́n lọ bá wọn díje ní Jeonju lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, awọ esùsú bẹ́ lójú gbogbo èèyàn, fèrè ń hó bí ìkòkò.

Fún àǹfààní ìlú, Bàbá kọ́ ẹni tó bá wá ní gbọ̀ngàn àwọn àgbà, wọn ò gba nǹkan kan. Àwọn ọmọ Gwangju a máa béèrè iye oṣù tí àwọn máa lò. Bàbá á gbé fèrè lé wọn léjìká, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e. Púpọ̀ wọn ò dé ìkẹyìn ọ̀sẹ̀. Àwa ọmọ náà gbìyànjú. Mi-ryeong lo òtútù méjì. Jae-hun ní eyín ń dun òun, ọdún méjì gbáko ni eyín náà fi dùn ún, ọjọ́ tí wọ́n gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló san. Suk-ja, àbíkẹ́yìn, sá lọ ṣiṣẹ́ ní Busan, ó ní òun fẹ́ ibi tí òun á ti máa gbọ́ ariwo ọkọ̀. Òótọ́ ni ká sọ lónìí: ó rẹ̀ wá. Ohùn kan náà, láràárọ̀, ní gbogbo ìgbà tí a fi dàgbà. Ọkùnrin tó múlé gbè wá gbé màlúù rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn òkè, ó ní kò fún wàrà mọ́. A fẹ́ràn bàbá wa, a sì máa ń gbàdúrà kí òjò rọ̀ láàárọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, Mi-ryeong bi wọ́n bóyá ó ti dé ọrùn báyìí. Bàbá ní àwọn ti mọ̀ ọ́n gbọ́ báyìí, àwọn ò tíì mọ̀ ọ́n fọn.

Ní ti ẹ̀sìn, ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá ń lọ, Bàbá sì ń lọ sí tẹ́ńpìlì òkè yẹn lọ́jọ́ ìbí Búdà, pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan, nítorí pé wọ́n gbà wọ́n láyè níbẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún ọjọ́. A ò gbọ́ kí wọ́n gbàdúrà rí. Ìyá ń gbàdúrà fún àwọn méjèèjì.

Ní ọdún 2013, dókítà fi fọ́tò egungun hàn wá: egungun ọrùn Bàbá ti lẹ̀ mọ́ra, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Ó béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Bàbá ní ilé ìlọ-ìrẹsì. Ìyá ní irọ́ ni. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀dọ̀fóró bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu, èémí ń kúrú. Nígbà Dano ọdún yìí, wọn ò lè dé irà. Ìyá ń retí pé ara wọn á yá. Nígbà tí Ìyá fi máa fúnra wọn lọ gé esùsú náà wá, ó ti pẹ́ jù, ó ti gan. Bàbá lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e lé èjìká. Atẹ́gùn lásán ló jáde, bíi ti ọdún àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí egungun ṣì gbà nínú ọrùn wọn ń gbọ̀n. Bàbá gbé fèrè sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Mi-ryeong, ó dé.”

“Kí ló dé? Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Ó dé ọrùn.”

Ìyá ní kí wọ́n mu oògùn wọn. Bàbá mu ún. Wọn ò tún gbé fèrè mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ilé wá dákẹ́ láràárọ̀, kò sì sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó lè sùn. Wọ́n dákẹ́ ní àárọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2019, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé ni: aya wọn, Ra Bun-im, àwọn ọmọ wọn, Guk Mi-ryeong, Guk Jae-hun àti Guk Suk-ja, àbúrò wọn, Guk Byeong-tae, àwọn ọmọ-ọmọ, Ha-ram, Yun-seo, Do-gyeom àti Bo-mi, tí kò sí èyí tó mọ fèrè fọn nínú wọn, àti àwọn ará Sutgol, títí kan ẹni tó gbé màlúù lọ, tó wà lára àwọn tó máa gbé pósí lónìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àná. Wọ́n ti wẹ Bàbá, wọ́n ti wọ aṣọ ọ̀gbọ̀ fún wọn, ó ku kí wọ́n so wọ́n ní ìdè kí wọ́n tó gbé wọn sínú pósí. Olùtọ́jú òkú gbé ọwọ́ lé ọrùn wọn, ó ní bí òun bá fi agbára díẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á tọ́, pé ìró kékeré kan ṣoṣo la máa gbọ́. Àbúrò Bàbá ní kó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn àgbà ti wí pé òkú tó bá wọ́ nínú ilẹ̀, ọ̀nà àwọn ọmọ rẹ̀ á wọ́ láyé, pé ẹ̀gbọ́n àwọn ti fi ọrùn sin fèrè tó, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀, a ò lè sọ pé kò ní. Jae-hun ń wo ilẹ̀. Mi-ryeong lẹ ń gbọ́ tó ń sunkún. Ìyá wa jókòó sórí àga lápá òsì.

“Bàbá Chan-u,” báyìí ni wọ́n ṣe pe àbúrò ọkọ wọn, “níbi ibojì yẹn, apá wo lẹ fi sílẹ̀ fún mi?”

“Apá òsì wọn ni. Ọkọ lọ́tùn-ún, ìyàwó lósì, bí wọ́n ṣe ń sin tọkọtaya nìyẹn. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?”

“Mo mọ̀. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti jáde.” Ìyá dìde, wọ́n gbé ọwọ́ olùtọ́jú òkú kúrò lọ́rùn Bàbá. “Ẹ má fọwọ́ kàn án. Gbogbo ayé mi ni mo fi jókòó síbi tó ń wò. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n débẹ̀ kí Bàbá Mi-ryeong máa wo òkè ni?”

Àbúrò Bàbá ló fúnra wọn gba ọ̀já lọ́wọ́ olùtọ́jú òkú, wọ́n sì so ẹ̀gbọ́n wọn bí wọ́n ṣe wà, wọ́n rọra ń so ó, omi ń bọ́ lójú wọn. Bí ẹ bá gbé pósí lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mì ín jù. Orí wọn yí sí òsì.

Bàbá, ẹ ti fọn ún tó. Ẹ sùn jẹ́ẹ́, ẹ sùn ire, kí ilẹ̀ Sutgol fúyẹ́ lára yín. Ẹ máa wo ibi tí ẹ ń wò yẹn. Ìyá ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì kánjú.